Windows 10 ti dópin, ṣọ́ọ̀bù géèmù ń kọ́? Ìdáhùn sí ìbéèrè kan láti Àgọ́-Ìwòyè

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Lọ́sàn-án, àwọn ọmọ OOU máa ń wá tẹ̀wé. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń wá gbá géèmù. Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ márùn-ún ni mo ní tó jẹ́ HP EliteBook 840 G1, mẹ́ta jẹ́ 840 G3, àti ẹ̀rọ ńlá orí tábìlì kan tó ní Core i5 ìran kẹjọ pẹ̀lú gráfíìkì GTX 1650. Windows 10 ló wà lórí gbogbo wọn. Ọmọ kan ní kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Linux torí pé ọ̀fẹ́ ni. Òmíràn ní bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí n kúkú ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù pa, torí géèmù parí nìyẹn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?”

Ẹ kú ọjà o. Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ẹ kó àwọn 840 G1 márààrún lọ sí Linux, ètò tí ń darí ẹ̀rọ bíi ti Windows, pátápátá. Ẹ jẹ́ kí Linux àti Windows jọ wà lórí 840 G3 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rọ ńlá yẹn, ẹ gbé e lọ sí Windows 11, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ rò pé gbogbo ẹ̀rọ ló dọ́gba, èkejì rò pé gbogbo géèmù ló dọ́gba. Ohun méjì ló ń pín wọn níyà: gráfíìkì tó wà nínú ẹ̀rọ, ìyẹn ẹ̀yà tí ń ya àwòrán sójú rẹ̀, àti bóyá géèmù náà ní ohun tí wọ́n ń pè ní anticheat, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tí ń wá olójóró kiri.

Lóòótọ́ ni Microsoft ti jáwọ́. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ parí fún Windows 10. Ẹ̀rọ kò ní kú. Á máa tàn, á sì máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ihò èyíkéyìí tí àwọn olè bá rí nínú rẹ̀ láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa bá yín dí i mọ́. Ẹni tó ń lò ó nílé lè gba àfikún títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026 pẹ̀lú dọ́là 30, tàbí kó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá jẹ́ kí àkáǹtì Microsoft rẹ̀ máa tọ́jú ètò ẹ̀rọ náà. Ti oníṣòwò yàtọ̀: dọ́là 61 lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún kìíní, kí ó tún di ìlọ́po méjì lọ́dún kejì, àti lọ́dún kẹta, kó tó wá parí. Ẹ̀rọ mẹ́sàn-án jẹ́ dọ́là 549 lọ́dún kìíní nìkan. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó máa gbọ́ iye yẹn tí kò ní bèèrè iye tí wọ́n ń ta SSD, disk tó yára ju hard disk àtijọ́ lọ. Bó bá sì jẹ́ pé activator, sọ́fítíwíà tí ń ṣí Windows láìsan owó rẹ̀, ni ẹni tó ta láptọ́ọ̀pù fún yín fi ṣí Windows orí wọn, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ àfikún. Activator yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ń jí pásíwọ́ọ̀dù máa ń bá wọlé.

Ti Windows 11 ńkọ́? Ìran kẹrin ni Intel inú 840 G1, ìran kẹfà ni ti G3. Láti ìran kẹjọ ni Microsoft ti ń gba Intel wọlé, pẹ̀lú TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ. Wọ́n á sọ fún yín pé Rufus, sọ́fítíwíà tí a fi ń kọ Windows tàbí Linux sórí fíláàṣì, lè fi Windows 11 sí i tipátipá. Ó lè ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe fún ẹ̀rọ tí kò kájú òṣùwọ̀n, ẹ̀yin àti oníbàárà lẹ sì máa jọ jókòó wo RAM 4 GB tó ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

Ẹ jẹ́ kí n yára mẹ́nu ba ohun tí Linux jẹ́, torí “ọ̀fẹ́” tí ọmọ yẹn ń pariwo kọ́ ni ìwúlò rẹ̀ tó tóbi jù fún oníṣọ́ọ̀bù. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991. Ó tẹ́ kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ gbangba lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL: ẹnikẹ́ni lè kà á, kó tún un ṣe, kó pín in, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó bá pín in bá tẹ́ tirẹ̀ náà sílẹ̀. Nítorí náà, kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó lè dìde lọ́jọ́ kan kó ní ẹ̀rọ yín ti dàgbà jù. Linux Mint 22, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ lò, máa gba àtúnṣe títí di oṣù kẹrin ọdún 2029, láptọ́ọ̀pù tó jáde lọ́dún 2013 kò sì ṣàjèjì sí i.

Àwọn kan á bèèrè pé bí gbogbo ayé bá ń rí kóòdù, ṣé olè náà kò ní rí i ni? Ó ń rí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti fi bí ọdún méjì sin àwọn tó ń tọ́jú xz, sọ́fítíwíà kékeré tí ń fún fáìlì pọ̀, títí wọ́n fi fọkàn tán an, ó sì dọ́gbọ́n fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ẹni tó tú u fó ni Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ẹ rò ó wò, tó ṣàkíyèsí pé SSH, ọ̀nà tí a ń gbà wọ ẹ̀rọ mìíràn láti òkèèrè, ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí pé kóòdù wà níta, ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ débi tí ẹ̀gbin náà wà. Ẹ fi èyí wé ti oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí fáìlì àtúnṣe kan láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ààbò CrowdStrike dá Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 wólẹ̀ lọ́jọ́ kan, torí pé sọ́fítíwíà náà ń ṣiṣẹ́ nínú kernel, ìjókòó tó ga jù lọ nínú ẹ̀rọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kernel yìí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà géèmù ti bẹ̀rẹ̀.

Lónìí, géèmù Windows ń ṣiṣẹ́ lórí Linux ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe mọ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ Valve tó ni Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé Proton jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2018. Ó kó Wine, sọ́fítíwíà tí ń jẹ́ kí ètò Windows ṣí lórí Linux, tó ti wà láti 1993, mọ́ DXVK tó ń sọ DirectX, èdè tí géèmù Windows fi ń bá gráfíìkì sọ̀rọ̀, di èdè Vulkan tí Linux gbọ́. Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú tí wọ́n ń tà láti 2022, Linux ló wà nínú rẹ̀. Kó tó di pé ẹ ra géèmù kankan, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí ProtonDB. Àwọn tó ti gbá a ló ń kọ bó ṣe ṣe wọ́n síbẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ irú gráfíìkì tí wọ́n fi gbá a.

Ẹ̀ṣọ́ ló ń dí àwọn tó kù lọ́nà. Èyí tó ń jókòó sínú kernel Windows kò ní ibi jókòó nínú Linux, àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù kan kò sì fẹ́ kó ní. Bọ́ọ̀lù EA láti FIFA 23 wá títí dé gbogbo FC ní ẹ̀ṣọ́ EA. Bí ẹ̀ṣọ́ náà kò bá dìde, géèmù kò ní ṣí, kódà bó jẹ́ ẹ̀yin àti kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ gbá a. Fortnite, Valorant àti àwọn Call of Duty tuntun, ọ̀nà kò sí. Apex Legends máa ń gba Linux tẹ́lẹ̀, wọ́n tì í síta ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024. GTA V tí ẹnì kan ń gbá jẹ́jẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa. GTA Online ni kò gba Linux mọ́ láti ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ tó ń jẹ́ BattlEye sí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. BattlEye fúnra rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ Proton o. Ẹni tó ni géèmù ló ní láti gbà bẹ́ẹ̀, Rockstar tó ni GTA kò sì tíì gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀rọ yín. Gráfíìkì inú G1 ni Intel HD 4400, ti G3 ni HD 520. FC 25 ń béèrè GTX 1050 Ti ó kéré tán. Géèmù tí Linux máa kọ̀ fún láptọ́ọ̀pù yín, láptọ́ọ̀pù náà kò lè gbé e látilẹ̀. FC yín, orí ẹ̀rọ ńlá ló wà. Ohun tí àwọn ọmọ ń gbá lórí láptọ́ọ̀pù, bí mo bá mọ àwọn ọmọ Àgọ́, ni PES 2013, GTA San Andreas àti PES ti PSP, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ẹ̀ṣọ́ kankan.

Ibi tí G1 àti G3 ti yà nìyí. DXVK tuntun ń fẹ́ Vulkan 1.3. Intel ìran kẹfà sókè ní i lórí Linux. Ìran kẹrin tó wà nínú G1 kò ní i tó. Lórí G1, géèmù á ṣí, ojú ẹ̀rọ á dúdú, á sì padà sẹ́yìn láìsọ ohunkóhun. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bú Linux. Nínú Steam, ẹ lọ sí “Properties” géèmù náà, kí ẹ kọ èyí sí “Launch Options”:

PROTON_USE_WINED3D=1 %command%

Ìyẹn ní kó gba ọ̀nà OpenGL àtijọ́ tí HD 4400 mọ̀. Géèmù DirectX 9 kò ní rí ìyàtọ̀ ńlá. Ti DirectX 11 máa falẹ̀, ẹ má sì jà sí i.

PES 2013 ni kí n fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó ní ìwà kan tó ń dààmú èèyàn. Fáìlì méjì ló ní: pes2013.exe tí ń ṣí géèmù, àti settings.exe tí a fi ń yan ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ àti bọ́tìnnì páàdì. Bí ẹ bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kún Steam, Steam á ṣe Windows àfarawé tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún un. Ẹ̀ẹ́ wá máa to bọ́tìnnì nínú èkíní, géèmù á sì máa wo inú èkejì tí kò sí nǹkan kan. Ẹ lo Lutris, sọ́fítíwíà Linux tí ń to géèmù jọ tó sì ń ṣí wọn, fún un. Ẹ tẹ àmì ìfikún, ẹ yan “Add locally installed game”, kí ẹ mú Wine gẹ́gẹ́ bí “Runner”, kí ẹ tọ́ka sí pes2013.exe, kí ẹ sì fún un ní fódà tirẹ̀ níbi “Wine prefix”, bíi /home/soobu/pes13. Lórí G1, ẹ pa “Enable DXVK” níbi “Runner options”. Lórí G3, ẹ jẹ́ kó wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àmì ife wáìnì tó wà nísàlẹ̀, ẹ mú “Run EXE inside Wine prefix”, kí ẹ ṣí settings.exe láti ibẹ̀. Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì wà báyìí. Bí ó bá ń bèèrè fáìlì d3dx9 kan, Winetricks tó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn kan náà ló máa bá yín fi sí i. Master League tí àwọn oníbàárà ti gbá lórí Windows kò gbọdọ̀ ṣòfò, wọ́n á bá yín jà: ẹ kó fódà KONAMI tó wà nínú “Documents” ti Windows, kí ẹ gbé e sínú “Documents” ti fódà pes13 yẹn.

PES ti PSP rọrùn jùyẹn lọ. PPSSPP, emulator tí ń mú kí kọ̀ǹpútà ṣe bíi PSP, jẹ́ open source (kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba) láti ọdún 2012, ẹ̀dà rẹ̀ fún Linux sì wà nínú “Software Manager” Mint. Àwọ̀ gold tí wọ́n ń tà àti ti ọ̀fẹ́ ń ṣe ohun kan náà. Owó gold, ẹ̀bùn ni fún ẹni tó kọ ọ́, nítorí náà ẹ má ra “gold” lọ́wọ́ ẹni tí ń fi fíláàṣì pín in kiri. Lórí HD 4400, ẹ lo OpenGL àti 2x fún “Rendering Resolution”. Emulator kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn lábẹ́ òfin. Fáìlì géèmù tí wọ́n ń gbà láti ibi gbogbo ló ní in, ẹni tó bá sì ń gbowó lórí rẹ̀ níṣọ́ọ̀bù ní ìdí láti ṣọ́ra ju ọmọ tó ń gbá a ní yàrá rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí kan Steam náà. Àkáǹtì Steam lásán wà fún ẹni tó ni ín, kò wà fún ìṣòwò; Valve ní ètò kan fún ilé géèmù tó ń jẹ́ PC Café Program, òun ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí kò ní bèèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rárá, SuperTuxKart ni kí ẹ kọ́kọ́ fi síbẹ̀: eré ìje mọ́tò, ẹni mẹ́rin lè gbá a lórí ẹ̀rọ kan, láti ẹ̀dà 1.0 ti ọdún 2019 ni wọ́n sì ti lè gbá a láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ lórí Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù láìjẹ dátà. 0 A.D. wà fún àwọn tó fẹ́ràn ogun jíjà, Luanti fún àwọn ọmọ kékeré tó ń bèèrè Minecraft.

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má pa Windows orí hard disk àtijọ́ àwọn G1. Ẹ ra SSD 2.5 inch tó jẹ́ 240 GB tàbí 256 GB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ hard disk, kí ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ sí i lára, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú dírọ́ọ̀. Bí ohunkóhun bá bàjẹ́, ẹ kàn máa dá a padà ni. Ìdérí abẹ́ G1 kò nílò irinṣẹ́: ẹ yọ bátìrì, ẹ ti ìkọ́ rẹ̀, ó ṣí. Ti G3 ní síkúrúù, gbogbo abẹ́ rẹ̀ ló sì máa wá pọ̀, ẹ má fi agbára fà á.

Níwọ̀n ìgbà tí abẹ́ bá ti ṣí, ẹ fi RAM kún un dé 8 GB. Ti G1 gbọ́dọ̀ jẹ́ DDR3L, “PC3L” ni wọ́n máa kọ sí i lára. Ẹni tó bá ta “PC3” lásán fún yín ní Computer Village, volt 1.5 ló ta fún yín. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ 1.35 lè kọ̀ láti tàn, ẹ̀ẹ́ sì rò pé motherboard ló jóná. Ti G3 jẹ́ DDR4. Nínú àwọn méjèèjì, 4 GB méjì sàn ju 8 GB kan ṣoṣo lọ fún géèmù, torí gráfíìkì Intel kò ní RAM tirẹ̀, inú RAM ẹ̀rọ ló ti ń bu, ojú méjì sì ń yára ju ẹyọ kan lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ máa hàn nínú géèmù ju èyíkéyìí nínú àwọn ètò inú Windows tí àwọn ọmọ YouTube ń kọ́ yín lọ.

Ẹ dáńlóòdù Linux Mint láti linuxmint.com nìkan: àwọ̀ Xfce fún G1, Cinnamon fún G3. Bíi 3 GB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sì máa fà á fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lò ó. Ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn olè wọ ojúlé Mint fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi ISO (fáìlì tí a fi ń gbé Mint sórí ẹ̀rọ) tó ní kòkòrò síbẹ̀ fún bí ọjọ́ kan. Lórí Windows, ẹ ṣí cmd, fèrèsé dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí, nínú fódà tí fáìlì wà, kí ẹ kọ:

certutil -hashfile linuxmint.iso SHA256

(ẹ fi orúkọ fáìlì yín gan-an rọ́pò linuxmint.iso). Nọ́ńbà gígùn tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórí ojúlé Mint mu láti orí dé ìdí. Lẹ́yìn náà, Rufus tàbí balenaEtcher á kọ ọ́ sórí fíláàṣì 8 GB. Ohun tó wà lórí fíláàṣì náà máa parẹ́ o. Ẹ fi fíláàṣì sí G1, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F9 títí ó fi bèèrè ibi tó máa ti ṣí.

Mint máa ṣí láti orí fíláàṣì láìtíì fọwọ́ kan disk. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 dán gbogbo nǹkan wò níbẹ̀: ohùn, Wi-Fi, páàdì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí Wi-Fi kò bá hàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Broadcom. Ẹ so fóònù mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà, ẹ tan “USB tethering”, kí ẹ ṣí “Driver Manager”, á fúnra rẹ̀ bá yín wá dráífà rẹ̀. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tẹ “Install Linux Mint”. Ẹ rí i pé bátìrì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nẹ́pà tó lọ láàárín kíkọ disk kò ní bẹ̀ yín.

Ti G3 tí ẹ̀ẹ́ fi méjèèjì sí ní ìlànà mìíràn. Nínú Windows, ẹ wo BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti disk, kọ́kọ́. Bó bá wà ní títàn, ẹ pa á, kí ẹ dúró kó parí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí cmd gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ kọ powercfg /h off. Bí ẹ kò bá ṣe é, Windows kì í kú tán nígbà tí ẹ bá pa á, ó ń sùn ni, Linux kò sì ní lè kọ nǹkan sórí disk rẹ̀. Ẹ fi “Disk Management” dín Windows kù, kí ẹ fi 80 GB ó kéré tán sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ tó wá fi fíláàṣì sí i, kí ẹ sì yan “Install alongside”. Géèmù Steam, ẹ má gbé e sórí apá Windows kí Linux lè máa kà á láti ibẹ̀, bó ti wù kí ó dà bí ọgbọ́n tó. NTFS, ìlànà tí Windows fi ń to fáìlì sórí disk, kò gba irú orúkọ fáìlì tí Proton ń lò. Géèmù á kọ̀ láti ṣí, kò sì ní sọ ìdí.

Àṣìṣe kan wà tí gbogbo èèyàn máa ń bá pàdé: ẹ̀ẹ́ kúrò ní Linux bọ́ sí Windows, aago á ti fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn. Linux ń tọ́jú UTC, aago àgbáyé, sínú ẹ̀rọ, Windows ń rò pé aago ilẹ̀ wa ni, wákàtí kan gan-an ló sì wà láàárín wọn. Ṣọ́ọ̀bù tí ń ta wákàtí kò gbọdọ̀ fàyè gba èyí. Nínú Linux:

timedatectl set-local-rtc 1

Ó parí. Ìhà Windows 10 lórí G3 yìí, ẹ má jẹ́ kó rí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. CorelDRAW ni kó wà fún, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olóríkunkun.

Ọ̀rọ̀ CorelDRAW kò ní àbùjá. Kò ṣiṣẹ́ dáadáa lábẹ́ Wine, Inkscape, sọ́fítíwíà ìyàwòrán ọ̀fẹ́, sì máa ń ṣí CDR, fáìlì CorelDRAW, ní wúruwùru. Bí iṣẹ́ ìwé ìpè, bánà òkú àti ti àwọn ẹgbẹ́ tó ń jáde l’Ójúde Ọba bá ń wọlé fún yín, ẹ má tan ara yín, ẹ jẹ́ kí ayàwòrán yín wà lórí Windows.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP máa ń rọrùn, ṣùgbọ́n LaserJet P1102 tó pọ̀ níbi gbogbo nílò àfikún kan: ẹ kọ hp-plugin sínú “Terminal”. Láìsí i, iṣẹ́ á wọlé, kò ní jáde. Epson onítáńkì ń lọ. Canon LBP kékeré bíi LBP6000 ni olóríkunkun tí mo ń sọ.

Fún iṣẹ́ ìwé, LibreOffice, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó dà bíi Microsoft Office, ń ṣí Word. Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni project ojú ìwé 60 tó di 63 nígbà tí ẹ ṣí i. Lẹ́tà ló fà á. Ẹ fi ttf-mscorefonts-installer sí i fún Times New Roman àti Arial. Carlito ló ń dúró fún Calibri, ìwọ̀n wọn dọ́gba. Bí ọmọ bá ní PDF, ẹ tẹ PDF. Èyí sì máa wu àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní OOU: nínú “Keyboard”, níbi “Layouts”, Yorùbá wà lábẹ́ Nigeria, láìra ohunkóhun, láìdáńlóòdù ohunkóhun.

Méjì nínú àwọn G1 tó wà níwájú, níbi tí wọ́n ti ń ṣí JAMB àti ìwé NIN, ẹ lọ sí “Login Window”, lábẹ́ “Users”, kí ẹ tan “Allow guest sessions”. Oníbàárà á wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò. Bó bá jáde, gbogbo fáìlì àti pásíwọ́ọ̀dù tó fi sílẹ̀ á pa rẹ́ fúnra rẹ̀. Lórí Windows yín lónìí, ẹ ṣí fódà “Downloads” kí ẹ ka iye ìwé NIN ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ti sọ ọ́ di ẹrù yín.

Ẹ̀rọ ńlá: i5 ìran kẹjọ ti kájú òṣùwọ̀n Windows 11, bó bá sì ń sọ pé kò sí TPM, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n pa á ni. Ẹ wọ BIOS, ètò tí ń tan ẹ̀rọ kí Windows tó ṣí, ẹ wá “Intel PTT”, ẹ tan án, kí ẹ fi tpm.msc yẹ̀ ẹ́ wò. Bí disk bá jẹ́ MBR, ìlànà pípín disk àtijọ́, ẹ kọ mbr2gpt /validate /allowFullOS kọ́kọ́. Tó bá dáhùn dáadáa, ẹ kọ mbr2gpt /convert /allowFullOS, kí ẹ tó pa “CSM”, ètò ìtanná ẹ̀rọ ti àtijọ́, nínú BIOS. Bí ẹ bá pa CSM ṣáájú, ẹ̀rọ kò ní ṣí. Ẹ kó fáìlì yín pamọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tan Secure Boot náà, ààbò tí kì í jẹ́ kí ètò tí kò ní àṣẹ ṣí nígbà tí ẹ̀rọ ń tàn, torí Battlefield 6 àti Call of Duty: Black Ops 7 ti ń bèèrè rẹ̀, ọ̀nà yẹn sì ni àwọn yòókù ń gbà lọ.

Ẹ máa gbọ́ pé àwọn ìjọba ń fi Microsoft sílẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀: ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì kéde lọ́dún 2024 pé àwọn máa kó bíi 30,000 ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ lọ sí LibreOffice, kí Linux sì tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ìjọba yẹn kì í gbá FC. Ọ̀rọ̀ tó kan ṣọ́ọ̀bù yín jù ni ti The Crew, géèmù Ubisoft tí wọ́n pa sáfà rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, tí ẹni tó fi owó rà á kò lè ṣí i mọ́. Ìyẹn ló bí ẹgbẹ́ Stop Killing Games, tó gba ìbuwọ́lù tó lé ní mílíọ̀nù kan ní Yúróòpù. Nítorí náà, géèmù tí ẹ bá fẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín, GOG, ilé ìtajà géèmù mìíràn, ni kí ẹ ti máa rà á: wọ́n ń tà á láìsí kọ́kọ́rọ́, ẹ lè kó fáìlì rẹ̀ sórí disk, Heroic Games Launcher á sì ṣí i fún yín lórí Linux. Ìkìlọ̀ ti ìṣòwò tí mo sọ nípa Steam, ẹ kà á níbẹ̀ náà.

Lórí dátà: bí géèmù Steam kan bá ti wà lórí ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ kejì kò nílò láti fà á láti ìta. Ẹ lọ sí “Settings”, “Downloads”, kí ẹ tan “Game File Transfer over Local Network” lórí àwọn méjèèjì. Wáyà ni kí ẹ fi so wọ́n; Wi-Fi máa ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá géèmù lọ́wọ́ á pariwo.

Páàdì UCOM olówó pọ́ọ́kú ń ṣiṣẹ́ lórí Linux láìfi nǹkan kan sí i, ti PS4 náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi jstest-gtk, sọ́fítíwíà tí a fi ń dán páàdì wò, wo bọ́tìnnì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ṣí settings.exe. Bí páàdì méjì bá ń darí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan náà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí ń so méjì pọ̀ mọ́ USB kan ló ń fi wọ́n han ẹ̀rọ bí ẹyọ kan, USB lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń parí ẹjọ́ náà.